Ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú eyín tó kán



Ẹ fi ahọ́n yín kan eyín yín, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé gbogbo wọn pé? Ṣé kò sí èyí tí etí rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ? Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní eyín tó kán. Òkúta inú ẹ̀wà ló kán ti ẹnìkan. Eegun ẹran ló kán ti ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn fi eyín pa èkùrọ́. Ọmọdé ṣubú níbi eré bọ́ọ̀lù. Àgbà ṣubú lórí alùpùpù. Ní ọjọ́ ìnáwó, ọ̀dọ́mọkùnrin fi eyín ṣí ìgò bíà kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè pàtẹ́wọ́ fún un.

Bí eyín bá kán, àwọn kan á ní: «Kò dùn mí. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.» Àwọn mìíràn á ní: «Ó ti bàjẹ́. Ẹ yọ ọ́ dànù.» Èmi sọ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò dára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

BÍ EYÍN ṢE RÍ

Eyín ní ìpele mẹ́ta. Èyí òkè ni èèpo rẹ̀. Ó funfun, ó sì le ju egungun lọ. Bí èèpo nìkan bá kán, kì í dùn. Lábẹ́ èèpo ni ara eyín wà. Kò funfun tó èèpo. Bí omi tútù bá kàn án, á ta ènìyàn. Ní àárín gbùngbùn ni ẹ̀mí eyín wà. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá.

Bí ẹsẹ̀ bá kán, egungun á so padà. Bí ọ̀bẹ bá gé ọwọ́, awọ á bo ojú ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n èèpo eyín kì í hù padà. Èyí tó lọ ti lọ.

Ẹ wo iṣu tí ọkọ́ ṣá nígbà tí a ń wà á. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sí ohun tó ṣe é. Bí a bá kó o pamọ́ láìtọ́jú, láti ojú ọgbẹ́ náà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Nígbà tí òórùn bá dé imú wa, inú ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni eyín rí. Òmíràn lè kán díẹ̀ kó má ṣe nǹkan fún ọdún púpọ̀. Òmíràn, ìdọ̀tí á gba ibẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ẹ̀mí eyín. Nígbà náà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, tí oorun kò ní kun ojú. Bí wíwú náà bá sọ̀kalẹ̀ dé ọrùn, aláìsàn lè má lè gbé itọ́ mì, ó sì lè má lè mí dáadáa. Ìyẹn lè pa ènìyàn. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

1. Ẹ fi omi mímọ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ yọ ẹnu.

2. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ibẹ̀. Ẹ fi aṣọ tí a rẹ sínú omi tútù lé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

3. Ẹ wá èyí tó kán náà. Ẹ fi í sínú wàrà màlúù tàbí omi mímọ́, kí ẹ mú un lọ. Nígbà mìíràn, dókítà eyín lè lẹ̀ ẹ́ padà.

4. Ẹ wo dígí. Bí ó bá kán díẹ̀ tí kò dùn, ẹ lọ nígbà tí ààyè bá wà. Bí omi tútù bá ń ta yín, ẹ má jẹ́ kó ju ọjọ́ méjì lọ. Bí ẹ bá rí pupa láàárín eyín, tàbí eyín ń mì, ẹ lọ lọ́jọ́ náà.

Ẹ má fi omi bátìrì tàbí epo òyìnbó sí i. Ẹ má fi oògùn asipirín-ìn lé èrìgì, nítorí á bó o. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irin tí a kò sè yọ eyín yín. Irú irin bẹ́ẹ̀ lè kó àrùn láti ẹnu ẹnìkan bọ́ sí ti ẹlòmíràn.

Dókítà eyín mọ ohun tí yóò ṣe. Ó lè ha etí tó mú náà kó má gé ahọ́n mọ́. Ó lè fi ohun tó jọ eyín dí ibẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ìgbà náà ni yóò yọ ọ́.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ: «Dókítà eyín jìnnà. Owó kò sí.» Òótọ́ ni. Ẹni tó wà ní oko Kétu tàbí ti Ṣábẹ̀ẹ́ lè ní láti wọkọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú èsúsú fún owó ọkọ̀ aláìsàn. Kí a sì kọ́kọ́ lọ bá nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí. Ó lè sọ bóyá ọ̀rọ̀ náà lè dúró tàbí kò lè dúró.

Bí ọkọ́ wa bá kán, a kì í pẹ́ kí a tó dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Bẹ́ẹ̀, ọkọ́ tuntun wà lọ́jà. Eyín ń kọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni eyín ń hù: 20 ti ọmọdé, lẹ́yìn náà 32 ti àgbà. Kò sí ẹ̀kẹta.

Nítorí náà, ní ọjọ́ ìnáwó tó ń bọ̀, ẹ fún ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ní irin tí a fi ń ṣí ìgò. Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún eyín rẹ̀.

Ẹ jọ sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ yín: Ta ni eyín rẹ̀ kán láàárín wa? Kí ló ṣe sí i? Èló ni a lè máa yà sọ́tọ̀ lóṣù fún owó ọkọ̀?