Ẹ Jẹ́ Kí A Jọ Jókòó sí Kíláàsì Kan

Ní ilé ìwé wa ní Igbó-Ọrà, bí àsìkò ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn bá ti tó, kíláàsì a pín sí méjì. Àwa ọmọ Kìrìsìtẹ́nì á dúró, àwọn ọmọ Mùsùlùmí á kó ìwé wọn jáde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí a jọ ń sùn lórí ẹní kan náà, wà lára àwọn tó ń jáde. Lọ́jọ́ kan, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ tíṣà kí n tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ yí ẹ̀sìn padà ni.

Rárá o. Mo fẹ́ mọ̀ ni.

Kíkọ́ ọmọ láti gbàgbọ́ yàtọ̀ sí kíkọ́ ọ ní ohun tí àwọn ènìyàn gbà gbọ́. Ti àkọ́kọ́, iṣẹ́ ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé kéú ni. Èkejì ni ó yẹ ilé ìwé. Abala 38 nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kò gbà kí a fipá kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí ó ti ní kí ọmọ má mọ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ ń kà.

Ẹ wo Bíbélì Yorùbá fúnra rẹ̀. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ rẹ̀, wọ́n bá "àdúrà", "àlùfáà" àti "wòlíì" lẹ́nu Yorùbá, láti ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí. Wọ́n mú "Èṣù", òrìṣà tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, wọ́n fi pe ọ̀tá Ọlọ́run. Mo ti ń ka Bíbélì yìí láti kékeré, kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi rí. UNESCO kéde Ifá ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Ní ilé ìwé wa, kò ní kíláàsì kankan rárá.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀rù ń bà yín pé a ó ṣìnà. Geoffrey Parrinder, àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni nípa ẹ̀sìn ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní 1949, ó sì kọ̀wé lórí ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wa. Kò fi ìyẹn di oníṣàngó. Ẹ̀yin náà ń sọ ìbejì yín ní Táíwò àti Kẹ́hìndé, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́sálásí, bẹ́ẹ̀ ìgbàgbọ́ àtijọ́ pé Kẹ́hìndé ló rán Táíwò wá tọ́ ayé wò ló wà nínú orúkọ náà. Ta ló fi í ṣìnà?

Lálẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi máa ń sọ ìtàn Ànábì Yúsúfù fún mi lórí ẹní. Ó jọ ti Jósẹ́fù tí wọ́n kọ́ èmi, àmọ́ àwọn ibì kan wà tí kò dọ́gba. A máa ń jiyàn lé e lórí títí oorun á fi gbé wa lọ. A kò tíì rí olùkọ́ tí a lè bi.