Ẹ Ka Nọ́ńbà Ara Irin Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń fi alùpùpù jẹun, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú owó láti ra àlòkù kan tí ẹ óò máa gùn lọ sóko, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi létí.

Wọ́n jí ọ̀kadà àbúrò mi gbé níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. A jọ dé àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀gá tó gba ẹjọ́ wa ṣí ìwé, ó ní, "Nọ́ńbà ṣáásì rẹ̀ ńkọ́?" Àbúrò mi wò mí, èmi náà wò ó. Ó mọ nọ́ńbà ẹ̀yìn ọ̀kadà náà lórí, ó mọ ibi tí táǹkì ti tẹ̀, bí ogún ọ̀kadà bá ń kọjá, á mọ ìró tirẹ̀ láàárín wọn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó wà lára irin, kò kà á rí. Ìwé rẹ̀ wà lábẹ́ ìjókòó ọ̀kadà náà, olè sì ti gbé e lọ pọ̀ mọ́ ọn. Nọ́ńbà ẹ̀yìn tí a mọ̀ lórí, sípánà kan àti ìṣẹ́jú méjì ti tó láti tú u dànù. A ò rí ọ̀kadà yẹn mọ́.

Nọ́ńbà méjì ni ilé iṣẹ́ máa ń tẹ̀ sára alùpùpù. Ọ̀kan wà lára férémù, òun ni àwa ń pè ní nọ́ńbà ṣáásì. Ìkejì wà lára ẹ́ńjìnnì. Ti férémù ni orí, òun ni wọ́n fi ń dá alùpùpù mọ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì ṣeé yọ, ó sì ṣeé pààrọ̀.

Ẹ yí ọwọ́ ọ̀kadà sí ẹ̀gbẹ́ kan títí kò fi yí mọ́, kí ẹ wá tan iná sí ọrùn rẹ̀, ibi tí irin ẹsẹ̀ iwájú ti wọnú férémù. Lára ọ̀pọ̀ Honda CG125, Suzuki àti Bajaj Boxer, ibẹ̀ ni nọ́ńbà férémù wà, lábẹ́ eruku àti gíríìsì. Ti ẹ́ńjìnnì sábà máa ń wà nísàlẹ̀, lápá òsì, lára èèpo irin ẹ́ńjìnnì, ní tòsí ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ gíà. Àwọn Honda kéékèèké àtijọ́, irú C50 àti C70, kò ní ọrùn bẹ́ẹ̀: ẹ wo apá òsì férémù, nítòsí ẹ́ńjìnnì.

Lọ́dún tó kọjá, aládùúgbò mi kan ní kí n bá òun lọ wo CG125 àlòkù kan. Owó wà lápò rẹ̀, ìwé sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Mo ní kí wọ́n fún mi ní àkísà. Mo rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì, mo nu ọrùn ọ̀kadà náà, mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ yọ ìdọ̀tí tó há sínú àwọn nọ́ńbà náà. (Ẹ má ṣe fi sáńdípépà tàbí fáìlì ha ibẹ̀ o! Ẹ óò pa nọ́ńbà náà rẹ́, ẹ̀yin ni wọn yóò sì mú.) Mo fi bébà fẹ́lẹ́ kan lé e lórí, mo fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsùlù rà á lọ rà á bọ̀, títí nọ́ńbà náà fi jáde lára bébà.

Ohun tó jáde bá tinú ìwé mu pátápátá. Ṣùgbọ́n 8 kan wà láàárín wọn tí apá ọ̀tún rẹ̀ gún régé, tí apá òsì rẹ̀ sì wọ́, tí kò jinlẹ̀ tó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. 3 ni ilé iṣẹ́ tẹ̀ síbẹ̀. Ẹnì kan ló fi irin mìíràn sọ ọ́ di 8. Mo fi bébà náà han ẹni tó ń tà á. Ó ní ìpáàrà ló bà á jẹ́. Ìpáàrà a máa jẹ irin, kì í gbẹ́ nọ́ńbà. Aládùúgbò mi ti owó rẹ̀ padà sápò, a sì bá tiwa lọ.

Nítorí náà, kí ìwé àti irin bára mu nìkan kò tó. Ẹ wò ó bóyá àwọn nọ́ńbà náà tò lórí ìlà kan, tí wọ́n sì jinlẹ̀ bákan náà. Ẹ wò ó bóyá ojú fáìlì wà níbẹ̀, bóyá ajórin ti jó ọrùn náà, tàbí ọ̀dà tuntun wà lọ́rùn nìkan nígbà tí ìyókù ti ṣá.

Ní ti ìtumọ̀ wọn, alùpùpù àtijọ́ rọrùn ju bí ẹ ti rò lọ. Honda a máa fi orúkọ irú alùpùpù náà ṣíwájú, nọ́ńbà a sì tẹ̀ lé e. Bí férémù bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C70, ti ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C70E. E yẹn ló ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ni. Nọ́ńbà tó kù kì í bára wọn mu, ẹ má bẹ̀rù ìyẹn. Àwọn Vespa àtijọ́ tí àwọn tíṣà wa gùn, T ló ń parí lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ti férémù, M ló ń parí ti ẹ́ńjìnnì, bíi VBB1T àti VBB1M. Èdè Ítálì ló fà á: telaio ni férémù, motore ni ẹ́ńjìnnì. Ní ti ọ̀pọ̀ Triumph ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ẹ̀wẹ̀, nọ́ńbà kan náà ni ilé iṣẹ́ máa ń tẹ̀ sára méjèèjì. Láti àwòṣe 1969, wọ́n fi lẹ́tà méjì kún un, ti oṣù àti ti ọdún àwòṣe: èyí tó ní AD jáde ní oṣù kìíní 1970.

Láti àwòṣe 1981 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí nọ́ńbà férémù jẹ́ 17, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ lágbàáyé sì tẹ̀ lé e. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ ibi tó ti wá: J ni Japan, L ni Ṣáínà, ti Bajaj tó wá láti Íńdíà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú MD2. Ìkẹwàá lè sọ ọdún, A fún 1980, Y fún 2000, 1 fún 2001, A tún padà fún 2010, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń tẹ̀ lé èyí, ẹ má fi búra. Èyí tí ẹ lè fi búra nìyí: kò sí I, kò sí O, kò sí Q nínú nọ́ńbà oní-17. Bí ẹ bá rí O nínú ìwé yín, òdo ni akọ̀wé ṣì kọ. Ẹ lọ tún un ṣe ní ọ́fíìsì láísẹ́ńsì kí ọlọ́pàá tó fi dá yín dúró lójú ọ̀nà.

Bí ẹ bá sì ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀, kí ẹ mú un lọ kí wọ́n yí ìwé padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra láti Kútọnu, nọ́ńbà férémù gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, kí ẹ sì fi wé irin níbẹ̀, kí ẹ tó gùn ún kúrò.

Èyí tó ti wà nílé yín ńkọ́? Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, àkísà, bébà àti pẹ́ńsùlù, kí ẹ jáde lọ bá a lálẹ́ òní. Ẹ da nọ́ńbà méjèèjì kọ sára bébà méjì, kí ẹ fi bébà kan pamọ́ sínú àpótí, kí ẹ fún ìyàwó tàbí ẹ̀gbọ́n yín ní ìkejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìwé rẹ̀ sábẹ́ ìjókòó mọ́.