Ọ̀pọ̀ Ẹrù Kọ́ Ni Ọ̀pọ̀ Èrè: Lórí Ìpín Àwọn Ilé-iṣẹ́ Tó Ń Mú Íntánẹ́ẹ̀tì Yára

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà lágbàáyé tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí ojú-ewé, orin àti fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó béèrè fún un. CDN ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè wọ́n. Akamai, Cloudflare àti Fastly gbajúmọ̀ nínú wọn, ọjà ìpín Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti ń ta ìpín wọn. Láti ìgbà tí áàpù bíi Bamboo àti Chaka ti jẹ́ kí ẹni tó wà ní Àpápá tàbí Ajégúnlẹ̀ lè fi fóònù ra irú ìpín bẹ́ẹ̀, ìgbàgbọ́ kan ti gbilẹ̀: pé níwọ̀n ìgbà tí àwọn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, ẹni tó bá ra ìpín àwọn tó ń mú un yára kò lè pàdánù. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà. Òótọ́ díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ló ń jẹ́ kó wọni lára, nítorí lílò ń pọ̀ sí i lóòótọ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ lílò kì í ṣe ọ̀pọ̀ èrè, owó ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti gba ibẹ̀ lọ.

Ọ̀nà jíjìn ló bí iṣẹ́ náà. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú wáyà abẹ́ òkun, kò sì lè yára ju nǹkan bí kìlómítà 200,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú wáyà náà. Wáyà MainOne, láti Portugal dé Èkó, gùn tó nǹkan bí kìlómítà 7,000. Àlọ àti àbọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ń gbà tó ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Ìyẹn kéré létí, ṣùgbọ́n ojú-ewé kan lè pààrà ọ̀nà yẹn lọ́pọ̀ ìgbà kó tó hàn tán: á wá àdírẹ́sì, á fi ara rẹ̀ hàn, á béèrè ọ̀rọ̀, á tún padà lọ béèrè àwọn àwòrán. Ọgbọ́n CDN ni pé kí wọ́n ṣe ẹ̀dà ohun tí àwọn ènìyàn ń béèrè jù, kí wọ́n sì kó o sínú kọ̀ǹpútà ńlá tó wà nítòsí wọn. Ẹni tó wà ní Ajégúnlẹ̀ kò ní máa ránṣẹ́ sí London nítorí ohun tó ti wà ní Èkó.

Bí ọ̀dọ́ kan bá dúró lẹ́bàá ọjà Boundary ní Ajégúnlẹ̀, tó ń wo fídíò orin lórí YouTube, ó yẹ kí a tọ ipasẹ̀ owó rẹ̀. Dátà tó rà, ilé-iṣẹ́ fóònù ló gba owó rẹ̀. CDN kò rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, nítorí ẹni tó ni ojú-ewé tàbí fídíò ló ń sanwó fún CDN, kì í ṣe ẹni tó ń wò ó. Google tó ni YouTube kò sì gba CDN kankan síṣẹ́ fún un: ẹ̀rọ tirẹ̀ ló ń kó sínú ilé àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Meta ń ṣe fún Facebook, Instagram àti WhatsApp. Netflix máa ń gbé ẹrù rẹ̀ fún Akamai, Limelight àti Level 3 tẹ́lẹ̀. Ní 2012 ó bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ tó pè ní Open Connect, ó sì ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́. Apple náà kọ́ tirẹ̀ ní 2014. Nítorí náà, kí gbogbo àdúgbò Tolu jókòó ti YouTube láti àárọ̀ di alẹ́, owó Akamai tàbí Fastly kò ní fi kọ́bọ̀ kan lé sí i.

Àǹfààní yíyára náà kò ṣe é sẹ́. Kí IXPN, ìkóríta tí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà ti ń pàdé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007, lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà láti ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì nínú Èkó kan náà lè gba Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà kọjá kó tó dé. Ìwádìí tí Internet Society gbé jáde ní 2020 fi hàn pé ohun tí wọ́n ń rí gbà láti inú ilé, nínú gbogbo ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti kúrò ní ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ní 2012, ó ti di àádọ́rin. Owó tí ìkóríta yìí ń dá dúró sínú àpò àwọn ilé-iṣẹ́ náà tó mílíọ̀nù 40 dọ́là lọ́dún nígbà náà. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ṣùgbọ́n IXPN kì í ṣe ilé-iṣẹ́ elérè, kò sí ìpín rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè rà. Àwọn tó ń lò ó àti àwọn tó ń ta dátà ló jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ó yẹ kí èyí tètè yé àwọn ará Àpápá ju ẹnikẹ́ni lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó gbé ètò ìpè tírélà orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Ètò jáde ní 2021, tírélà máa ń tò láti ẹnu èbúté lọ jìnnà lójú títì Àpápá sí Oshódì, awakọ̀ á sì máa sùn sábẹ́ ọkọ̀. Ẹrù pọ̀ nígbà náà ju ohun tí ojú ọ̀nà lè gbé lọ. Ẹrù yẹn kò sọ onítírélà di ọlọ́rọ̀, kò sì yí ayé Ajégúnlẹ̀ padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ sí èbúté. Àwọn ará ibẹ̀ ń gbé ẹ̀bá odò, wọ́n ń fi itọ́ ṣanjú. Oníbàárà tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù kì í pẹ́ wá èbúté tirẹ̀: Flour Mills ń já àlìkámà rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú omi tí ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ń bójú tó ní Àpápá. Láti 2023 sì ni èbúté Lẹ́kí ti ń pín ẹrù mọ́ Àpápá lọ́wọ́. Ohun tí Flour Mills ṣe yẹn gẹ́lẹ́ ni Netflix ṣe fún Akamai.

Ìtàn Akamai fúnra rẹ̀ tó láti tú ìgbàgbọ́ náà fó. Tom Leighton, olùkọ́ ìṣirò ní MIT, àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Danny Lewin ló dá a sílẹ̀ ní 1998. Nígbà tí ìpín rẹ̀ kọ́kọ́ dé ọjà ní oṣù kẹwàá 1999, dọ́là 26 ni wọ́n fi lọ̀ ọ́, kí ọjà ọjọ́ náà sì tó pa, ó ti kọjá 140. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2000 ó lé ní 300. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2001, Lewin wà nínú ọkọ̀ òfuurufú àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kọlu ilé gogoro New York, ó sì kú. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, bí gbogbo ayé ṣe ń wá ìròyìn, ẹ̀rọ tí òun fi ọgbọ́n rẹ̀ kọ́ ló ń gbé ọ̀pọ̀ ojú-ewé ìròyìn dúró. Íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì ní iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Síbẹ̀, kí 2002 tó parí, ìpín Akamai ti wálẹ̀ dé ibi tí kò tó dọ́là 1. Lílò kò dín kù ní gbogbo àsìkò yẹn. Títí di ìparí 2024, ìpín náà kò tíì padà dé ibi tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2000.

Akamai kò kú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ló gbà á sílẹ̀. Owó tó ń wọlé láti ara gbígbé ojú-ewé jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.54 dọ́là ní 2023, ó sì wálẹ̀ sí bíi bílíọ̀nù 1.32 ní 2024, nígbà tí owó ààbò lọ́wọ́ àwọn ọlọ́ṣà orí ẹ̀rọ ti kọjá bílíọ̀nù 2. Iye tí wọ́n ń gbà lórí ìwọ̀n ẹrù kan náà ń já wálẹ̀, nítorí oníbàárà ńlá kì í lo CDN kan ṣoṣo: á lo méjì tàbí mẹ́ta, á sì máa fi owó ọ̀kan na èkejì.

Àwọn yòókù rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Limelight gbé ìpín rẹ̀ wá sọ́jà ní 2007 ní dọ́là 15. Ẹjọ́ tí Akamai pè é lórí ẹ̀tọ́ ọgbọ́n iṣẹ́ ná an ní mílíọ̀nù 54 dọ́là ní 2016. Ó ra Edgecast ní 2022, ó sọ ara rẹ̀ di Edgio, ó sì wọ kóòtù ajẹgbèsè ní oṣù kẹsàn-án 2024. Akamai ló ra ìwé àdéhùn àwọn oníbàárà rẹ̀. Fastly, tó dé ọjà ní dọ́là 16 ní 2019, ti kọjá 100 nígbà tí Kòrónà ti gbogbo ènìyàn mọ́lé. Àmọ́ TikTok nìkan ló ń mú nǹkan bí ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ wá nígbà náà. Bí TikTok ṣe dín ẹrù tó ń gbé fún un kù, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin iye ìpín náà tó fò lọ lọ́jọ́ kan péré nínú oṣù kẹwàá 2020, láàárín 2024 kò sì tó dọ́là 10 mọ́.

Àwọn tó di ìgbàgbọ́ náà mú á dárúkọ Cloudflare. Òótọ́ ni pé ẹni tó rà á ní dọ́là 15 ní 2019 tí kò tà á jèrè gan-an. Àmọ́ Cloudflare kì í ta ìwọ̀n ẹrù: ó ń gbé ojú-ewé ọ̀pọ̀ oníbàárà lọ́fẹ̀ẹ́, ààbò àti irinṣẹ́ mìíràn ló ń tà fún wọn. Ìpín kan náà kọjá dọ́là 200 ní 2021, kò sì tó 50 ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó rà á lókè tó tà á nísàlẹ̀ pàdánù ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, nínú ilé-iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń yìn.

Àwọn mìíràn ní kí owó má jìnnà: kí a ra tilé. MainOne tí Funke Opeke dá sílẹ̀ ni àpẹẹrẹ wọn. Wáyà rẹ̀ dé Èkó ní 2010, Equinix ti Amẹ́ríkà sì rà á ní 2022 ní mílíọ̀nù 320 dọ́là. Ìpín MainOne kò fìgbà kan dé ọjà ìpín Èkó. Báńkì àti àjọ ńláńlá ló fi owó sí i, àwọn náà ló sì gba owó wọn. Iṣẹ́ náà kò sì dẹ̀: ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, wáyà MainOne, WACS, ACE àti SAT-3 já papọ̀ nítòsí Abidjan, ọ̀pọ̀ báńkì Nàìjíríà kò sì lè ṣiṣẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ náírà, tó ń bo àdánù mọ́lẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2021, SEC, àjọ tó ń bójú tó ọjà ìpín ní Nàìjíríà, kìlọ̀ nípa àwọn áàpù tó ń ta ìpín ilẹ̀ òkèèrè láìforúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kò lè dáàbò bo ẹni tó ń ka èrè rẹ̀ ní náírà. Kí á gbà pé ẹnì kan ra ìpín dọ́là 100 ní oṣù karùn-ún 2023, nígbà tí ìjọba ń pààrọ̀ dọ́là ní nǹkan bíi náírà 460: náírà 46,000 nìyẹn. Bí ìpín náà bá wálẹ̀ sí dọ́là 50 ní oṣù kejì 2024, tí dọ́là ti di 1,500, náírà 75,000 ni áàpù á fi hàn án. Á rò pé òun jèrè 29,000, nígbà tí ìdajì ìpín rẹ̀ ti lọ. Náírà tó wó ló kọ 29,000 yẹn sójú fóònù rẹ̀, kò sí ilé-iṣẹ́ CDN kankan tó pa á fún un.