Ìwúkàrà Tí Kò Bẹ̀rù Ooru

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó fi Gwarinpa ní Abúja ṣe ibùgbé tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ìtàn ooru oṣù Ẹrẹ́nà fún. Ooru yìí kan náà ni ọ̀tá ìwúkàrà tí a fi ń sọ sítáàṣì ẹ̀gẹ́ àti ọkà bàbà di ẹtanọ́ọ̀lù, ògidì ọtí tí ó wúlò fún oògùn, fún ọ̀dà àti fún epo ọkọ̀.

A ó kọ́kọ́ sọ sítáàṣì di ṣúgà. Ìwúkàrà yóò jẹ ṣúgà náà, yóò sì sọ ọ́ di ọtí. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni òun náà ń mú ooru jáde. Nǹkan bí 30 dígírì Celsius ni ó tẹ́ èyí tí ilé iṣẹ́ ń lò jù lọ lọ́rùn. Bí ooru bá ti ń sún mọ́ 40, àárẹ̀ yóò mú un. Nítorí náà ni ilé iṣẹ́ fi ń náwó gọbọi sórí ẹ̀rọ tí ń mú ìkòkò tutù, ní ilẹ̀ tí iná mànàmáná kò dúró sójú kan.

Nàìjíríà ni ó ń kórè ẹ̀gẹ́ jù lọ ní gbogbo ayé. Ní 2007, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde pé kí a máa po ẹtanọ́ọ̀lù mọ́ epo bẹntiróòlù, ìdá kan nínú mẹ́wàá. Títí di òní, èyí kò tíì ṣẹ. Òkèèrè ni a ṣì ń gbójú lé fún ẹtanọ́ọ̀lù. Bí owó ìmútutù bá dín kù, ti ilé wa yóò dínwó, àgbẹ̀ yóò sì rí ẹni ra ẹ̀gẹ́ rẹ̀ nígbà tí ọjà bá kún.

Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Ẹmu tí ń hó nínú akèrègbè lọ́sàn-án gangan, àti bùrùkùtù tí a ń pọn ní àyíká Abúja, kò mọ ẹ̀rọ amúnǹkan-tutù. Ìwúkàrà inú wọn ti ń bá ooru ilẹ̀ wa gbé láti ìran dé ìran. Lóòótọ́, gbogbo wọn kọ́ ni yóò yege: èyí tí ó fara da ooru gbọ́dọ̀ fara da ọtí tí òun fúnra rẹ̀ pọn pẹ̀lú. Irú kan wà, Kluyveromyces marxianus, tí a máa ń rí nínú wàrà kíkan. Ó lè ṣiṣẹ́ ní 45 dígírì, ṣùgbọ́n kò lè fara da ọtí púpọ̀ bí èyí tí ilé iṣẹ́ ń lò. Àyẹ̀wò tí ó jinlẹ̀ nìkan ni ó lè ya ojúlówó sọ́tọ̀.

A rọ ìjọba àpapọ̀ pé kí ibùdó ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Sheda, lójú ọ̀nà Lókọ́ja, àti FIIRO ní Òṣòdì ṣa ìwúkàrà ilẹ̀ wa jọ, kí wọ́n dán wọn wò, kí wọ́n sì fi èyí tí ó bá yege lé ilé iṣẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tí ìjọba fòfin de ọkà báálì òkèèrè ní 1988, ọkà bàbà ni àwọn ilé iṣẹ́ ọlọ́tí yíjú sí, wọ́n sì rí i lò.

Ẹ̀yin ọmọ wa ẹ̀yìn odi, ọ̀pọ̀ nínú yín ni òṣìṣẹ́ ọba. Ọwọ́ yín ni ìwé ìlànà ń gbà kọjá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí sùn sínú àpótí.