Kí A Tó Kun Ọkọ̀ Àtijọ́ Lọ́dà

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, pàápàá jù lọ Morris Minor, ọkọ̀ kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto bí ìjàpá. Alec Issigonis ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ tà á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró títí di 1971, lẹ́yìn tí iye rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀.

Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ra irú ọkọ̀ yìí láti tún un ṣe a máa sáré lọ sídìí ọ̀dà. Wọn a kùn ún, wọn a fi awọ tuntun bo ìjókòó, wọn a nu irin rẹ̀ títí yóò fi máa dán bí dígí. Èrò tèmi ni pé ọ̀dà ni ó yẹ kí ó kẹ́yìn. Àwọn baba wa ní ìwà lẹwà. Ìwà ọkọ̀ sì ni ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ iwájú. Oríkèé méjì ni ó wà ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Trunnion ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Mo pè é ní oríkèé nítorí pé ibẹ̀ ni táyà ti ń yí nígbà tí awakọ̀ bá ń yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ó ní eyín bíi ti bóòtù àti nọ́ọ̀tì, gírísì ni kì í sì í jẹ́ kí eyín náà jẹ. Ní gbogbo 1,000 máìlì ni ó yẹ kí a fún un ní gírísì. Bí a bá febi gírísì pa á, eyín yóò jẹ tán, oríkèé yóò yọ, táyà yóò sì ká sábẹ́ ọkọ̀ lójijì. Ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, kí ẹ fi irin tì í lábẹ́ dáadáa, kí ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ sì mì ín. Bí ó bá ń mì, ó lè jẹ́ béárìn, ó lè jẹ́ oríkèé. Ẹ má gbé e jáde kí ẹ tó wádìí.

Bíréèkì ni ó tẹ̀ lé e. Pọ́ǹpù rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, níbi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ wà gan-an, ojú kì í sì í tètè dé ibẹ̀. Òróró bíréèkì a máa fa ọ̀rinrin mọ́ra, ọ̀rinrin náà ni ó sì ń mú kí inú pọ́ǹpù dógùn-ún. Ẹ máa pààrọ̀ òróró náà ní ọdún méjì-méjì.

Ẹ̀kẹta ni ìpáàrà. Ẹ fi òòlù kékeré kan ibi tí súpíríìǹgì ẹ̀yìn so mọ́, àti irin tí ó dábùú abẹ́ ọkọ̀. Irin tí ó yè yóò dún gbọnran. Èyí tí ó ti jẹrà kò ní dún bẹ́ẹ̀, ọ̀dà kò sì lè wò ó sàn.

Ẹ kíyè sí bátìrì pẹ̀lú. Orí tí ó ní àmì àròpọ̀ ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀ yìí, kì í ṣe ti àmì àyọkúrò bíi ti ọkọ̀ òde òní. Kí ẹ tó so rédíò tuntun mọ́ ọn, ẹ wádìí bí ó ṣe wà.

Àwọn kan yóò wí pé ìjọba pàápàá ti dá irú ọkọ̀ yìí sí. Òótọ́ ni pé láti oṣù Karùn-ún 2018, òfin ibẹ̀ ti yọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ti lé ní 40 ọdún kúrò nínú àyẹ̀wò ọdọọdún tí à ń pè ní MOT, bí a kò bá ti yí wọn padà púpọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò gba ọkọ̀ tí kò yẹ láàyè lójú títì. Ojú tí ìjọba fi ń wò ó tẹ́lẹ̀ ni ó di ti olówó ọkọ̀. Nítorí náà, mo gbà pé kí a máa gbé e lọ fún àyẹ̀wò náà lọ́dọọdún, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fi ipá mú wa. Kì í ṣe ẹ̀mí awakọ̀ nìkan ni ó wà nínú ewu. Ọmọdé tí ń sọdá títì kò mọ̀ pé oríkèé ọkọ̀ tí ń dán yẹn ti jẹ.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Bí abẹ́ bá ti pé, kí ẹ wá lọ ra ọ̀dà. Ire o.