Mọ́tò tí ẹ̀ ń jẹ́rìí sí yẹn, gbèsè ni

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí máa bí àwọn kan nínú. Ẹ bínú, àmọ́ ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan jáde síwájú pẹpẹ láti jẹ́rìí. Wọ́n gbá mọ́tò ẹ̀ látẹ̀yìn níbí ní London, Ọlọ́run yọ ọ́, kò fara pa. A yin Olúwa. Ó wá ní Ọlọ́run tún fi Mercedes tuntun rọ́pò Corolla òun, ọ̀fẹ́ ni, òun ò san kọ́bọ̀! Gbogbo ìjọ pariwo Halelúyà. Èmi náà pariwo. Ojú ń tì mí báyìí.

Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Credit hire ni wọ́n ń pè é. Iléeṣẹ́ kan háyà mọ́tò fún ọ láwìn, ìwọ lo fọwọ́ sí ìwé, owó ojoojúmọ́ sì ń gorí ara wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lọ bá ìnṣọ́ránsì ẹni tó gbá ọ pé kó wá san án. Tó bá kọ̀, ó di kọ́ọ̀tù, orúkọ ìwọ ni wọ́n sì máa fi pẹjọ́. Tí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ ọ lẹ́nu níbẹ̀, iléeṣẹ́ tó gbé mọ́tò fún ọ lè yíjú sí ọ pé kí o san owó àwọn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Ẹni tí wọ́n ṣe níjàǹbá ní ẹ̀tọ́. Ẹ ka Ẹ́kísódù orí 21, ẹni tó bá ṣe ẹnìkejì léṣe gbọ́dọ̀ san owó àkókò tí ìyẹn fi jókòó sílé. Òfin ilẹ̀ yìí náà gbà bẹ́ẹ̀. Ní 2003, nínú ẹjọ́ Lagden v O'Connor, adájọ́ 3 nínú 5 ní House of Lords sọ pé tálákà tí kò lówó lọ́wọ́ láti háyà mọ́tò lè gba iye credit hire, bó tiẹ̀ wọ́n ju iye ọjà lọ. Tálákà ni wọ́n là á sílẹ̀ fún. Àwa tí owó wà ní báǹkì wa la wá wọ àkísà tálákà lọ tò síbẹ̀.

Wọ́n á bi ọ́ pé ṣé o lówó tí o lè fi háyà mọ́tò fúnra ẹ. O ní rárá. Wọ́n ní kó o mú bank statement oṣù mẹ́ta tó ṣáájú ìjàǹbá wá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí èésú tó o kó, owó aṣọ ẹbí, àti tíkẹ́ẹ̀tì Lagos ti December. Ṣé mọ́tò mìíràn wà nílé? Rárá. Ti ìyàwó ẹ tí ìwọ náà ń wà ńkọ́? Mẹkáníìkì ti parí Corolla ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìwọ gun Mercedes wọ ọ̀sẹ̀ keje. Nísàlẹ̀ ìwé yẹn, statement of truth wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ sí irọ́, adájọ́ lè rán an lẹ́wọ̀n tó tó ọdún 2. Ananáyà àti Sáfírà, owó tí wọ́n mú pamọ́ kọ́ ló pa wọ́n, iye tí wọ́n pè é ni.

Ohun tó tiẹ̀ jẹ́ kí n kọ̀wé yìí nìyí. Arábìnrin kan nínú ìjọ wa ń ṣiṣẹ́ claims handler ní ìnṣọ́ránsì (mo gbàyè lọ́wọ́ ẹ̀ kí n tó kọ ọ́). Fáìlì ọmọ ìjọ kan bọ́ sórí tábìlì ẹ̀. Ìyẹn pè é lálẹ́ Sátidé: "Sister, ẹ ṣáà bá mi tì í kọjá." Nígbà tó di Monday, arábìnrin yìí sọ fún máníjà ẹ̀ pé òun mọ ẹni náà, wọ́n sì gbé fáìlì fún ẹlòmíràn. Gbogbo ohun tó ṣe nìyẹn! Kò fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn. Ẹni tó gbà á ló rí bank statement.

Ní báyìí, wọn ò kí i mọ́. Wọ́n ń pè é ní Júdásì. Ẹnì kan tilẹ̀ gbàdúrà pé kí Ọlọ́run tú àwọn tó ń dí ìbùkún wa ká. Nínú ilé Ọlọ́run!

Ẹ ní owó ìnṣọ́ránsì kì í ṣe owó ẹnikẹ́ni. Ṣebí ìwọ náà lò ń ráhùn pé ìnṣọ́ránsì ọmọ ẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì ti fẹ́ẹ̀ tó owó mọ́tò? Ta ló ń san án?

Ẹ̀yin claims handler náà, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi fáìlì nọ́ọ̀sì tó jàre sábẹ́ tábìlì fún oṣù mẹ́fà kó lè sú u, kó gba ààbọ̀, olè lẹ̀ ń jà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pe èèyàn lórí fóònù fún credit hire, tẹ́ ẹ̀ ń sọ pé ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ tan ẹlẹ́rìí wa yẹn.

Ẹni tó bá ti fọwọ́ sí irọ́, kó pe lọ́yà ẹ̀ lọ́la, kó tún un sọ kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé. Ẹ̀yin choir, mo fẹ́ rí ẹni tó máa jókòó ti arábìnrin yẹn ní Sunday. Tí kò bá sí, èmi àti ìyàwó mi á lọ jókòó tì í.