Ìdìbò nìkan kò tó, ẹ̀yin ará Notsé

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa.

Gbogbo wa la mọ ìtàn Agokoli, ọba Notsé àtijọ́. Ó fi ìyà jẹ àwọn ènìyàn rẹ̀ títí ó fi sú wọn. Ìtàn ní àwọn obìnrin ń da omi sí ojú kan lára odi Agbogbo, títí odi fi rọ̀ tí wọ́n sì dá a lu. Wọ́n fi ẹ̀yìn rìn jáde lóru. Àwọn baba ńlá wọ̀nyẹn rí ibi sá sí. Àwa ńkọ́? Ìlú tí a kò lè sá kúrò nínú rẹ̀, àfi kí á tún un ṣe.

Ọdún 32 ni Tógò lò láìdìbò yan ìgbìmọ̀ ìlú, láti 1987 títí di ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2019. Lọ́jọ́ náà a dìbò fún kọ̀múùnù 117. Notsé wà nínú Haho 1. A tún dìbò ní ọjọ́ 17 oṣù keje 2025.

Àwọn kan wá ń wí pé: «A ti dìbò, ó parí.» Irọ́ ni! Ẹni tó gba alágbàro sí oko, ṣé ó máa ń sùn títí di ìgbà ìkórè? Ta ló ń san owó ìsọ̀ lọ́jà? Ìwọ ni. Ilé ta ni àgbàrá ń wọ̀? Ilé rẹ ni. Ta ló yẹ kó béèrè ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe? Ìwọ náà ni. Ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú kì í ṣe awo. Lọ jókòó síbẹ̀, kí o gbọ́.

Àwọn mìíràn ní: «Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́, a kò gbọ́.» Èyí ló burú jù. Láti ìgbà àtúnṣe ẹ̀kọ́ 1975 ni èdè Ewe àti Kabiye ti di èdè orílẹ̀-èdè. A sì ń kọ èdè Ifẹ̀ sílẹ̀ ní agbègbè Atakpamé. Kí ló dé tí a kò fi lè lẹ ìṣírò owó ìlú mọ́ ògiri ọjà ní èdè tí ọlọ́jà gbọ́? Ìwé tí a kò lè kà kò lè jẹ́rìí fún wa.

Nítorí náà, kọ́ ìwé. Ka ìṣírò. Béèrè ní gbangba, má ṣe dá lọ, ẹ kó ara yín jọ lọ. Omi ni àwọn obìnrin fi rọ odi Agokoli. Ìbéèrè ni kí á fi rọ odi tòní.